Ọ̀rá Ìgbẹ̀jẹ̀ Alámì fún Abiyamọ: Ohun Tó Ń Ṣe, àti Ohun Tí Kò Lè Dá Ṣe

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọ̀rá tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ abiyamọ, tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, lè pè é ní ọ̀rá lásán. Ó mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí inú rẹ̀ látìta. Apá òkè rẹ̀ fẹ̀, ó ṣe é tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ wọlé bí àrọ, ó sì di àpò. Lára àpò náà ni wọ́n tẹ àmì ìwọ̀n sí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú ìlà méjì tó hàn ju ìyókù lọ: ọ̀kan ní 300 mL (mílílítà), èkejì ní 500 mL. Okùn wà lókè tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ìbàdí. Kò lo iná, kò ní ẹ̀rọ nínú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń lò ó kí wọ́n tó dà á nù.

Ìdájọ́ wa rèé kí ọ̀rọ̀ tó gùn: kò yẹ kí yàrá ìbímọ kankan ṣaláìní in. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó bá ra ọ̀rá yìí nìkan, tí kò ṣètò ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e, kò tíì ra ìwòsàn. Ìwádìí ńlá méjì ló fi èyí hàn, a ó sì dé orí wọn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ ni olórí ohun tó ń pa abiyamọ lágbàáyé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 500 mL láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí obìnrin bí nípa ojú ara, ó ti kọjá ohun tí wọ́n ń wò níran. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú kò mọ ẹ̀jẹ̀ wọ̀n. Apá kan ti mu sínú aṣọ, apá kan ti ṣàn sílẹ̀, apá kan ti dàpọ̀ mọ́ omi tó tinú ilé ọmọ jáde. Agbẹ̀bí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá a máa fojú dín in kù, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i. Èyí tó burú jù ni èyí tó ń ro díẹ̀díẹ̀. Kò dà ṣàà, kò sẹ́ni tó fi í ké, ọmọ ń sunkún, gbogbo ilé ń yọ̀, ìyá sì ń tutù lọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Inú iṣẹ́ ìwádìí gan-an ni ọ̀rá yìí ti gbòde. Àwọn tó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn misoprostol ń dín ẹ̀jẹ̀ kù ní agbègbè Belgaum ní Íńdíà kò lè gbé ìdáhùn wọn lé ojú, wọ́n sì lo ọ̀rá alámì. Ọdún 2006 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde, lára owó NICHD, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera ọmọdé, àti Gates Foundation ni wọ́n sì fi ṣe é. Oògùn ni wọ́n ń wá. Ohun ìwọ̀n tí wọ́n fi wá a ti wá di irinṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń tẹ́ ẹ ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Bí a bá tẹ́ ẹ kí ọmọ tó jáde, omi inú ilé ọmọ á ṣàn sínú rẹ̀, àmì á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá sì fi falẹ̀ títí ibi ọmọ fi jáde, ẹ̀jẹ̀ àkọ́dà ti lọ sínú aṣọ. Àárín méjèèjì ni àyè rẹ̀ wà: ọmọ ti jáde, wọ́n ti nù ún gbẹ, ó ti wà láyà ìyá rẹ̀, ìyá ti gba 10 IU (ìwọ̀n oògùn) abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ le, wọ́n sì ti kó aṣọ tó rin kúrò. Kí ìyá gbé ìdí sókè díẹ̀, kí a ti ọ̀rá bọ abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi kọjá ìdí dé ẹ̀yìn, kí a so okùn rẹ̀ kó má yẹ̀. Tí bẹ́ẹ̀dì bá ṣe é yọ apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àpò rọ̀ wálẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. Tí bẹ́ẹ̀dì bá tẹ́jú gbọrọgidi, àpò á wà láàárín ẹsẹ̀ ìyá. Kí a gbé ibi tí orí rẹ̀ wà sókè díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dúró sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Kíkà á náà ní ọgbọ́n. Ọ̀rá tó ká tàbí tó sùn sílẹ̀ kì í sọ òótọ́. Kí a di àpò mú, kí a fà á kó dúró ṣánṣán, kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi bá ojú ẹ̀jẹ̀ dọ́gba, kí a tó ka nọ́ńbà. Ìṣẹ́jú 15 síra ni wọ́n ń kà á fún odindi wákàtí àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá sì tíì dáwọ́ dúró, ọ̀rá á wà lábẹ́ ìyá títí di wákàtí kejì. Bí a ṣe ń ka ọ̀rá la ó máa ka ìlù ọkàn, la ó máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, la ó sì máa fọwọ́ kan ikùn bóyá ilé ọmọ le. Gọ́ọ̀sì àti páàdì tó mu ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé: kí a gbé wọn lé òṣùwọ̀n, kí a yọ ìwọ̀n wọn nígbà tí wọ́n ṣì gbẹ kúrò, kí a ka gíráàmù kan sí mílílítà kan, kí a rò ó mọ́ ohun tó wà nínú àpò.

Nísinsìnyí, ìwádìí méjì náà. Àkọ́kọ́ ni EUPHRATES, tí owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010. Ilé ìgbẹ̀bí 78 ní orílẹ̀-èdè 13 ní Yúróòpù, obìnrin 25,381. Wọ́n fún àwọn kan ní ọ̀rá ìgbẹ̀jẹ̀, àwọn yòókù ń fojú wọ̀n ọ́n bí wọ́n ti ń ṣe. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le jẹ́ 1.71% níbi tí ọ̀rá wà, 2.06% níbi tí kò sí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, kò sí ìyàtọ̀ tí èèyàn lè gbára lé. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ̀rá náà nù níbẹ̀.

Èkejì ni E-MOTIVE. Yunifásítì Birmingham ló darí rẹ̀, Gates Foundation ló gbówó rẹ̀ kalẹ̀, 2023 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde: ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tansaníà, ìbímọ 210,132. Ohun tó wù wá jù nínú ètò rẹ̀ ni pé àwọn ilé ìwòsàn tí wọn kò yí ìtọ́jú wọn padà náà lo ọ̀rá, àmọ́ ti wọn kò ní àmì lára. Wọ́n kàn ń gbé e lé òṣùwọ̀n lẹ́yìn náà. Ọ̀rá kan lójú, èkejì fọ́jú. Níbi tí ọ̀rá ti lójú, wọ́n tún fi ẹ̀kọ́ kún un, wọ́n kó gbogbo oògùn sínú kẹ̀kẹ́ tàbí báàgì kan ṣoṣo, wọ́n yan ẹni tí yóò máa ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí, wọ́n sì ń fi èsì wọn hàn wọ́n lóòrèkóòrè. Nínú àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ jù, wọ́n rí 93.1% mọ̀ lákòókò, ilé ìwòsàn yòókù rí 51.1%. Àwọn tó gba ìtọ́jú pípé jẹ́ 91.2%, ní ilé ìwòsàn yòókù 19.4%. Nínú ẹgbẹ̀rún abiyamọ, ẹ̀jẹ̀ tó dé lítà kan, tàbí iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí ikú nítorí ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀ láti 43 sí 16. Kí a má purọ́: ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dé lítà kan ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìdínkù yẹn ti wá.

Ọ̀rá ni wọ́n lò nínú ìwádìí méjèèjì. Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé àmì ló yàtọ̀.

Iṣẹ́ náà rèé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan ìlà 500 mL, tàbí tó kan 300 mL tí ìlù ọkàn ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan tàbí tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá kò tó 100, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti àwọn ẹgbẹ́ dókítà àti agbẹ̀bí àgbáyé gbé jáde ní 2025 náà nìyẹn. Kí wọ́n ra ikùn títí ilé ọmọ fi le, tàbí fún ìṣẹ́jú kan. Oxytocin 10 IU gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà 20 IU nínú lítà kan omi dírípù fún wákàtí mẹ́rin. Tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gíráàmù kan, fún ìṣẹ́jú 10. Omi dírípù. Kí wọ́n wò bóyá àpòòtọ̀ kún, bóyá ojú ara fàya, bóyá ibi ọmọ jáde tán, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì kù nínú. Kí wọ́n ké pe ẹni tó jù wọ́n lọ. Gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, papọ̀ ni, kì í ṣe ká lo ọ̀kan ká dúró wo bóyá á ṣiṣẹ́. Ìdúró yẹn ló ń pani. Ìwádìí WOMAN ti 2017, tí obìnrin 20,060 wà nínú rẹ̀, ti fi hàn pé tranexamic acid ń dín ikú kù bí wọ́n bá tètè fún un. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e sọ pé ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan tó bá ṣòfò ń gé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú àǹfààní rẹ̀, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta kò sí mọ́. Ìlà tó wà lára ọ̀rá ló ń ra ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn padà.

Àléébù rẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Inú ìbímọ ojú ara ni wọ́n ti dán an wò. Kò wúlò bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Obìnrin tó fẹ́ bí lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ní ìdúró á ní láti dùbúlẹ̀ kí ọ̀rá tó lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn sì le fún un ní wákàtí tó fẹ́ jókòó fọ́mọ lọ́mú. Ọ̀rá náà tutù lára, ó ń lẹ̀ mọ́ awọ. Kí wọ́n ṣàlàyé fún un kí wọ́n tó tì í bọ abẹ́ rẹ̀. Ìtọ̀ lè dà sínú rẹ̀, nítorí náà kí àpòòtọ̀ ti gbẹ. Kò sì lè rí ẹ̀jẹ̀ tó dúró sínú ilé ọmọ tàbí tó ń ya sínú ikùn: ọ̀rá lè fi 200 mL hàn kí ìyá máa kú lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlù ọkàn àti ìfúnpá kò fi ṣe é fi sílẹ̀. Ìdọ̀tí rẹ̀ pọ̀, ó ń lọ sínú pàǹtí ẹlẹ́jẹ̀, kò sì ṣe é fọ̀ lò fún ẹlòmíràn.

Sí àwọn tó ń fowó sí ìwádìí oyún àti ìkókó, ọ̀rọ̀ kan. Owó E-MOTIVE kò tán sórí ọ̀rá. Ó lọ sórí ẹ̀kọ́, sórí kẹ̀kẹ́ oògùn, sórí àwọn tó ń gbé ọ̀rá lé òṣùwọ̀n lóru, sórí kíka èsì fún agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Irú ìlà ináwó wọ̀nyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé nínú ìwé ìbéèrè owó, torí wọn kò dà bí ìmọ̀ tuntun. Àwọn gan-an ni ìwádìí Yúróòpù kò ní. Ẹ má gé wọn. Ẹ sì fi owó fìríìjì sí i: inú òtútù 2 sí 8°C ni oxytocin ń gbé. Bó bá ti pẹ́ nínú ooru, agbára rẹ̀ á dínkù, ọ̀rá á sọ pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀, abẹ́rẹ́ kò sì ní lè dáhùn.

Fún ẹni tó ń rà á fún ilé ìwòsàn: kí a tó gba páálí wọlé, ẹ yọ ọ̀rá mẹ́ta láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wọn 500 mL omi, ẹ pò ó mọ́ àwọ̀ pupa díẹ̀ kó lè hàn, ẹ dà á sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ so ó rọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kà á. Kí omi náà kan ìlà 500. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, kí ẹ wo ìdí àpò bóyá ó ń jò níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ tútù nu àmì ara rẹ̀; bí yíǹkì bá bọ́, ẹ dá páálí náà padà.