Kí Báàsì Rẹ Lè Sọ̀kalẹ̀ sí I: Okùn Tó Nípọn, Báàsì Olókùn Márùn-ún, àbí Pedal?

Aṣáájú orin gbé orin ní Eb (E flat). Onídùùrù tẹ bọ́tìnì transpose tó ń sún gbogbo ohùn, ó ti débẹ̀. Ìwọ tó gbé gìtá báàsì olókùn mẹ́rin (E, A, D, G) kọ́rùn ni ìyà kù sí lọ́wọ́. E ni ìsàlẹ̀ ilé tìrẹ, Eb tí orin ń wá sì wà ní semitone kan péré, ìṣísẹ̀ ohùn tó kéré jù, lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. O ó wá sáré lọ sí fret 6, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kẹfà lórí ọrùn báàsì, lórí okùn A, ohùn tó yẹ kó wúwo á wá dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí omele ṣe iṣẹ́ ìyáàlù.

Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, títí lọ sí Ìdó àti Ìkọ̀lé, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú ra olókùn márùn-ún ni?" Èmi náà á bi wọ́n pé, ohùn wo gan-an lò ń wá tí o kò rí? Bó bá jẹ́ Eb àti D ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tó yẹ kó o rà. Bó bá jẹ́ Db, C àti B ni, ọ̀tọ̀ ni. Mo ti rí ẹni tó náwó báàsì tuntun sórí ìṣòro tí okùn tuntun àti iṣẹ́ wákàtí kan ì bá ti tán.

Dídẹ okùn tó ti wà níbẹ̀

Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tí kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n wo ìṣirò yìí. Bí o bá dẹ okùn ní semitone kan, E di Eb, agbára tó fi ń fà máa ń dín ní bí ìdá 11 nínú 100. Bó bá jẹ́ semitone méjì, E di D, bí ìdá 20 ló lọ. Bí o bá wá fẹ́ mú okùn E yẹn kan náà sọ̀kalẹ̀ dé B, bí ìdá 44 ló ti lọ, okùn á kàn máa na fret bí ẹni ń lu ilẹ̀kùn ni.

Ìdá 11, ọwọ́ á gbà á. Ìdá 20, ó ti di àmàlà, ọmọ Èkìtì tó mọ iyán jẹ kò sì ní í fẹ́ kí nǹkan rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìka òun. Ọ̀rọ̀ ọrùn báàsì tún wà ńlẹ̀. Okùn ń fa ọrùn síwájú, irin truss rod tó wà nínú igi ń tì í padà sẹ́yìn. Bí okùn bá dẹ̀, irin ló borí, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lu àwọn fret tó sún mọ́ orí. Ẹlòmíì á ní báàsì òun ti bàjẹ́, á fẹ́ tà á lówó pọ́ọ́kú. Kò bàjẹ́ o. Bó bá fẹ́ tà á, kó pè mí.

Okùn tó nípọn lórí báàsì tó o ní

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Okùn 45, 65, 85, 105 ló wọ́pọ̀ lórí báàsì olókùn mẹ́rin. Ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì ni wọ́n fi ń wọn nínípọn wọn, nítorí náà 105 yẹn tó bíi mìlímítà 2.7. Ẹni tó ń wá Eb tàbí D lè ra èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 50 tó sì dé 110. Ìdá 20 tí mo ní ó lọ lẹ́ẹ̀kan á di bí ìdá 13, ìka rẹ á sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kíá.

Ẹni tó ń wá B ńkọ́? Kó ra okùn olókùn márùn-ún, èyí tó ní okùn B lábẹ́ E, láti 45 dé 130, kó fi 45, okùn G, sínú àpò, kó lo mẹ́rin tó kù. Báàsì rẹ̀ á di B, E, A, D. Okùn G òkè ló pàdánù. Ta ló ń bèèrè okùn G lọ́wọ́ rẹ nígbà tí ìjọ bá ti dìde tí wọ́n ń jó?

Wàhálà ibẹ̀ wà lára nut, eegun tàbí ike kékeré tí okùn gbà kọjá kó tó dé orí. Ihò tí wọ́n gé fún 105 kò lè gba 130, tó nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Okùn á gun orí ihò dípò kó wọ inú rẹ̀, fret àkọ́kọ́ á le bí òkúta, ohùn ibẹ̀ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan gbé báàsì wá bá mi láti Ìkẹ́rẹ́, oníṣẹ́ kan ti bá a fi ayùn irin gé ihò nut náà jìn débi pé okùn B ń kan fret 1 láìfọwọ́ kàn án. Ayùn tí wọ́n fi ń gé páìpù! Fáìlì kékeré tó bá nínípọn okùn mu ni wọ́n ń lò, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Kó o sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti rẹ́ dànù kì í padà: ọjọ́ tó o bá fẹ́ padà sí E, A, D, G, nut tuntun ni. Bi oníṣẹ́ ní iye tó ń gbà fún nut tuntun kó tó fọwọ́ kan ti àtijọ́.

Kó o tó sanwó okùn, yẹ ihò bridge, irin tó di ìdí okùn mú lára báàsì, wò bóyá 130 á gbà á kọjá, kó o sì wo ihò irin tí wọ́n ń lọ́ okùn mọ́ lórí. Àwọn okùn kan wà tí ìdí wọn tín-ín-rín ju ara wọn lọ, àwọn yẹn ni kó o bèèrè fún.

Bí o bá gbé e fún oníṣẹ́, báyìí ló ṣe yẹ kó ṣe é. Á kọ́kọ́ fi okùn tuntun sí i, á tune rẹ̀ sí ohùn tó o fẹ́ máa lò gan-an. Ẹni tó tún ọrùn ṣe ní E, tó wá dẹ ẹ́ sí D lẹ́yìn náà, iṣẹ́ òfo ló ṣe. Á tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní fret 1 àti ní fret tó kẹ́yìn, á wo àlàfo tó wà ní bíi fret 7 tàbí 8. Bíi mìlímítà 0.3 ló yẹ kó jẹ́, kò jìnnà sí nínípọn káàdì táwọn oníṣòwò ń pín. Bí kò bá sí àlàfo rárá, á dẹ truss rod, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, á dúró kí igi gbà á kó tó tún yí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan gíga okùn. Ní fret 17, bíi mìlímítà 2.4 tó fún okùn E lásán, ṣùgbọ́n okùn tó lọ sísàlẹ̀ máa ń ju ara rẹ̀ gan-an, fún un ní 2.8, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrẹ̀sílẹ̀ okùn tàn ọ́. Paríparí rẹ̀, ohùn fret 12 tí a tẹ̀ àti ohùn agogo tí a kàn fọwọ́ kàn lórí fret 12 yẹn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga jù, á fa saddle, irin kékeré tí okùn gbé lé lórí bridge, sẹ́yìn. Okùn tó nípọn fẹ́ràn ẹ̀yìn.

Irin ìdẹ-okùn

Irin kan wà tí wọ́n ń fi rọ́pò èyí tó ń lọ́ okùn E. Xtender tí Hipshot ń ṣe ni ọ̀pọ̀ mọ̀. O ń ta báàsì lọ, o fìka kan yí ọwọ́ irin náà, E di D lójú ẹsẹ̀; o dá a padà, ó di E. Fún ẹni tó jẹ́ pé orin méjì péré lọ́jọ́ ìsinmi ló nílò D, kò sí ohun tó dára tó o. Wàhálà rẹ̀ ni pé gbogbo ohùn orí okùn yẹn á sún ní fret méjì, ọpọlọ rẹ á kọ́kọ́ máa ṣì í.

Báàsì olókùn márùn-ún

Bó bá jẹ́ pé Db àti C ni orin yín ń gbé lójoojúmọ́, tó o sì tún fẹ́ òkè, òun ni kó o rà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo olókùn márùn-ún ni okùn B rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Gígùn okùn láti nut dé bridge ṣe pàtàkì. Ínṣì 34 ló wọ́pọ̀, òun ni Fender fi bẹ̀rẹ̀ Precision Bass ní 1951. Àwọn kan ń ṣe ti ínṣì 35, ínṣì kan yẹn sì ń fi bí ìdá 6 nínú 100 kún líle okùn. Àwọn báàsì kúkúrú ínṣì 30 dára fún ọmọdé, àmọ́ okùn wọn fi bí ìdá 22 dẹ̀ ju ti ínṣì 34 lọ. Má gbé wọn lọ sísàlẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, má wo àwọ̀. Tẹ okùn B ní fret 5, ta á, kó o wá ta okùn E láìtẹ̀ ẹ́. Ohùn kan náà ni. Bí èkíní bá dún bí ọmọ ìyá èkejì, rà á. Bí B bá ń dún bí ìgbà tí wọ́n ju àpò gààrí sílẹ̀, gbé e padà fún wọn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ní kí ẹni tó ń tà á yí truss rod lójú rẹ, nítorí irin tó ti há kò ní àtúnṣe olówó kékeré. Fi ọwọ́ wọn àlàfo okùn ní bridge pẹ̀lú: ó máa ń tó mìlímítà 19 lórí olókùn mẹ́rin, olókùn márùn-ún mìíràn sì lè fún mọ́ra dé 16.5. Ìka tó tóbi á kọlu ara wọn.

Pedal

Pedal, àpótí kékeré tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, bíi Drop tí DigiTech ń ṣe máa ń rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ ní semitone kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfọwọ́ kan okùn. Ó yá, kò ba nut jẹ́. Àmọ́ iná ló ń jẹ, kì í lo bátìrì, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì kú láàárín orin, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Bó ṣe ń jìn sísàlẹ̀ sí i ni ohùn rẹ̀ ń dà bíi ti ẹ̀rọ sí i. Semitone kan sí méjì, mo fọwọ́ sí i.

Kó o tó náwó, gbọ́ ti spíkà

Okùn E ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, B ń gbọ̀n nígbà 31. Áńpù kékeré tí a ń lò nílé kò lè gbé ìgbà 31 yẹn jáde dáadáa. Ohùn tó lé lórí rẹ̀, tó wà ní 62, ni etí rẹ á máa gbọ́ jù, ọpọlọ á sì fi ìyókù kún un. Bí spíkà ìjọ yín bá ti ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ lórí E, B kò ní tún un ṣe. Spíkà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáwó rà.

Èmi ò ní pẹ́ dáhùn bí o bá bi mí: Eb nìkan, dẹ okùn rẹ, kó o tún ọrùn ṣe. D lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, irin ìdẹ-okùn. D nígbà gbogbo, okùn 50 dé 110. B tàbí C, tí owó kò sì sí, lo B, E, A, D. Bí owó bá wà, olókùn márùn-ún tí B rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ létí rẹ.

Èyíkéyìí tó o bá ṣe nínú oṣù kẹjọ tí òjò ṣì ń rọ̀, tún un yẹ̀ wò nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Igi tó mu omi kì í jókòó bíi ti igi gbígbẹ, ọrùn á sì ti kúrò níbi tó o fi í sí.