Òròmọdìẹ, ọmọge àbí ìyá àgbà: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sin adìẹ rà?

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra adìẹ àkọ́kọ́ máa ń bèèrè ni iye ẹyin tó ń yé lọ́dún. Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ adìẹ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ni, ojoojúmọ́ lẹ ó máa fojú kàn wọ́n. Ẹ ó máa gbé wọn yẹ̀ wò, ẹ ó máa kó wọn wọlé tílẹ̀ bá ń ṣú. Bí wọ́n bá ń sá fún yín, eré lẹ ó máa sá káàkiri, ẹni tó bá sì ń lé adìẹ ló ń ṣubú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa kọ́kọ́ fi ọjọ́ orí wéra, kí n tó kan ẹ̀yà.

Mẹ́ta ni ẹ ó bá lọ́jà: òròmọdìẹ ọjọ́ kan, adìẹ ọ̀sẹ̀ 16 sí 18 tó kù díẹ̀ kó yé ẹyin àkọ́kọ́, èyí tí èmi ń pè ní ọmọge, àti ìyá àgbà, ìyẹn adìẹ tó ti yé fún oko ńlá, tí wọ́n fẹ́ fi òmíràn rọ́pò nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ 72.

Òròmọdìẹ

Owó rẹ̀ ló kéré jù lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, àmọ́ yóò jẹun bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kó tó fi ẹyin kan hàn yín. Ooru ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ bí 35°C, kí ẹ sì máa dín in kù ní bí 3°C lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ gidi yóò fi bo ara wọn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn fúnra wọn á sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n. Tí wọ́n bá gun ara wọn lábẹ́ iná, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù.

Ní ti kí adìẹ mojú ẹni, kò sí èyí tó tó òròmọdìẹ. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ nínú àpótí wọn pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀, kí ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n á ti máa gun ọwọ́ yín bí ẹni gun òkè. (Ẹ fọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá, adìẹ tára rẹ̀ le koko lè gbé kòkòrò Salmonella.)

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìdajì wọn lè di àkùkọ. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yà tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń fi akọ àti abo hàn láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Ti ISA Brown, abo ló pupa rẹ́súrẹ́sú, akọ ló ní àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ funfun. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Marek, ìyẹn àrùn adìẹ kan, níbi tí wọ́n ti jáde nínú ẹyin, torí ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti gbà á. Ẹ má sì fún wọn ní oúnjẹ adìẹ tó ń yé: èròjà kálísíọ́ọ̀mù (calcium) inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń ba kíndìnrín ọmọ adìẹ jẹ́.

Ọmọge

Kò sí iná títàn, kò sí wàhálà òròmọdìẹ, ẹyin sì ti sún mọ́lé. Ìfọkàntán nìkan lẹ ó fọwọ́ ara yín wá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ fi wọ́n sínú ilé wọn fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn ń sùn. Lẹ́yìn náà, àsìkò kan náà, abọ́ kan náà, ohùn kan náà lójoojúmọ́. Ẹ lóṣòó, ẹ má tẹjú mọ́ wọn, kí ọwọ́ yín gba ìsàlẹ̀ wá. Òkè ni àṣá ti ń bọ̀, adìẹ kò sì lè yà ọwọ́ tó bà lé e látòkè sọ́tọ̀ kúrò lára àṣá. Ìdin díẹ̀ á mú ọ̀rọ̀ náà yá.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o. Ọlọ́jà lè gbé ọwọ́ lé adìẹ lẹ́yìn, adìẹ náà á sì lóṣòó pìrì, á na ìyẹ́ díẹ̀, ọlọ́jà á wá ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe mojú èèyàn!" Irú èyí ló tàn mí jẹ nígbà tí mo ra tèmi àkọ́kọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, adìẹ tó lóṣòó fún mi lọ́jà kò jẹ́ kí n sún mọ́ òun ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ márùn-ún. Bí abo ṣe ń lóṣòó fún àkùkọ nìyẹn, àmì pé ẹyin ti ń bọ̀ láìpẹ́. Ó wúlò fún ẹni tó ń wá ẹyin, àmọ́ kì í ṣe ìfẹ́. Ìdánwò tó ṣeé gbára lé ni pé kí ẹ da ọkà sílẹ̀, kí ẹ lóṣòó síbẹ̀, kí ẹ dákẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ padà wá ṣá jẹ nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀ ni kí ẹ yàn.

Ìyá àgbà

Kò wọ́n, ó ń yé lọ́wọ́, àmọ́ ẹyin rẹ̀ ti ń dín kù. Èyí tó ti inú àgò oko ńlá wá lè má ní ìyẹ́ lẹ́yìn, kí ogbe rẹ̀ ṣá, kó má tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ sórí igi. Ìyẹ́ á padà hù. Egungun àyà rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ tọ̀, torí ó máa ń ṣẹ́ lára adìẹ tó ti yé púpọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn kan lára wọn kì í bẹ̀rù èèyàn rárá. Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹni tí kò sin adìẹ rí fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yà ńkọ́?

| Ẹ̀yà | Ẹyin lọ́dún | Ìwà |
|---|---|---|
| ISA Brown | bí 300 | ojú kòkòrò, ó tètè mojú ẹni |
| Leghorn | bí 280 | ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ó ń fò, ẹyin funfun |
| Rhode Island Red | 200–250 | ó lágbára, ó lè máa jẹ gàba |
| Orpington | 150–200 | ó tóbi, ó tutù, ó máa ń sàba |
| Silkie | 100–120 | ìyẹ́ bí òwú, kì í fò, ó ń sàba ṣáá |

Ẹni tó fẹ́ kí adìẹ jókòó lé òun lẹ́sẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Leghorn, bó ti wù kó yé tó. Silkie sì rọrùn fọ́wọ́ ọmọdé, àmọ́ bó bá ti sàba, kò ní yé mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ kò nílò àkùkọ kí ẹ tó rí ẹyin jẹ. Ẹyin tí yóò pamọ nìkan ló nílò rẹ̀.

Ẹ má ra ẹyọ kan. Ẹ má sì kó ọmọge mọ́ ìyá àgbà lọ́jọ́ kan náà: adìẹ ní ipò láàrin ara wọn, wọn á sì fi àgógó jà á títí yóò fi yanjú. Èyí tó bá kéré ló máa ń forí fá a. Tèmi ni pé kí ẹ ra ọmọge mẹ́ta láti inú agbo kan náà. Ojú kó mọ́ kedere, ogbe kó pupa, ìdí kó mọ́, ìpẹ́ ẹsẹ̀ kó má ru sókè, kí èémí má sì dún.

Ọ̀sán ni kí ẹ lọ yàn wọ́n, alẹ́ ni kí ẹ lọ gbé wọn. Adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn, torí náà ẹ ó ká wọn lórí igi láìsí eré kankan. Ẹ gbé wọn sórí igi tuntun bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ ti gbé omi àti oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.