Àgbéyẹ̀wò ip pim nbma-mode lórí DMVPN: ó tún hub ṣe, ó fi spoke sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbé multicast (packet kan tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olùgbà) gba orí DMVPN, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cisco tí router ẹ̀ka (spoke) fi ń gba tunnel so mọ́ router àárín (hub), kò ní pẹ́ gbọ́ nípa àṣẹ ip pim nbma-mode, èyí tí a ń kọ sórí tunnel hub. Mo fara mọ́ ọn. Lórí hub tó ń lo mGRE (tunnel kan ṣoṣo tó so ó mọ́ gbogbo spoke), n kò mọ àṣẹ mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń retí kó ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìgbà tí nǹkan bá sì bàjẹ́ lórí spoke, òun ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Lójú PIM, ìlànà tí àwọn router fi ń ṣètò ọ̀nà multicast, gbogbo spoke tó wà lórí Tunnel0 (orúkọ tunnel náà) jọ wà nínú yàrá kan náà, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, hub nìkan ni spoke kọ̀ọ̀kan ń gbọ́. Tí spoke kan bá fi prune ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ ẹgbẹ́ multicast 239.1.1.1 mọ́, àwọn yòókù kò gbọ́ ọ débi tí wọ́n á fi join (ìbéèrè pé àwọn ṣì fẹ́ ẹ) ta kò ó. Hub á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3, á sì yọ Tunnel0 kúrò pátápátá. Àmì rẹ̀ ni pé ẹnì kan pa fídíò níbì kan, ti gbogbo ibi yòókù sì gé, lẹ́yìn náà ó tún padà fúnra rẹ̀, torí pé ìṣẹ́jú àáyá 60 ni PIM fi ń tún join ránṣẹ́. Ẹni tó bá rí èyí kó má wulẹ̀ wá ibòmíràn lọ.

Àṣẹ yìí tún ń jẹ́ kí packet tó gba Tunnel0 wọlé lè gba Tunnel0 kan náà jáde, èyí tí multicast kì í gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo show ip mroute lórí hub. Ó yẹ kí ẹ rí Tunnel0 pẹ̀lú àdírẹ́sì spoke kọ̀ọ̀kan tó béèrè, bíi 10.0.0.2 àti 10.0.0.3. Tó bá jẹ́ Tunnel0 lásán ló wà níbẹ̀, àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́. Sparse-mode (irú PIM tí kì í fi packet ránṣẹ́ síbi tí kò béèrè) nìkan ló sì wà fún, nítorí orí join ló dúró lé.

Ibi tí kò dé ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Kí PIM tó rí aládùúgbò rárá, hello rẹ̀ (packet tí router fi ń kéde ara rẹ̀) gbọ́dọ̀ dé 224.0.0.13, àdírẹ́sì multicast gbogbo router PIM. NHRP, tó ń so àdírẹ́sì tunnel mọ́ àdírẹ́sì ìta, ni a ń lò fún èyí: hub nílò ip nhrp map multicast dynamic, spoke sì nílò ip nhrp map multicast pẹ̀lú àdírẹ́sì ìta hub. Àdírẹ́sì tunnel ni ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́. Ẹ wo show ip nhrp multicast kí ẹ tó fọwọ́ kan PIM.

Èyí tó burú jù ni ti DMVPN Phase 2, níbi tí spoke ti lè bá spoke sọ̀rọ̀ tààrà. Packet àkọ́kọ́ lè gba ọ̀dọ̀ RP (router ìpàdé tí orísun àti olùgbà fi ń rí ara wọn) dé, kí ìyókù má dé mọ́. Ohun tó fà á ni pé spoke tó ń gbà fẹ́ bọ́ sí ọ̀nà tó kúrú jù. Tábìlì routing ń tọ́ka sí spoke tí orísun wà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe aládùúgbò nínú PIM, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò gba join náà. Ẹ tẹ show ip rpf pẹ̀lú àdírẹ́sì orísun lórí spoke tó ń gbà. Tí aládùúgbò RPF (router tí spoke gbà pé packet orísun gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá) kò bá jẹ́ àdírẹ́sì tunnel hub, ẹ ti mú un. Ẹ gbé RP sí hub, kí ẹ kọ ip pim spt-threshold infinity sórí gbogbo spoke tó ní olùgbà, kí wọ́n má bàa bọ́ sí ọ̀nà kúkúrú náà. Ìyẹn kò ní ran ẹni tó ń lo SSM (multicast tí olùgbà ti ń dárúkọ orísun fúnra rẹ̀), 232.0.0.0/8, lọ́wọ́, torí pé SSM kò ní ọ̀nà tó gba RP. Ní tirẹ̀, ip mroute 10.2.0.0 255.255.0.0 10.0.0.1 ni yóò dá RPF padà sọ́dọ̀ hub (10.2.0.0 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì orísun, 10.0.0.1 ni àdírẹ́sì tunnel hub).

Ẹ fún hub ní ip pim dr-priority tó ga, kó lè jẹ́ DR, router tí PIM yàn ṣe aṣojú lórí tunnel. Auto-RP, ètò tó ń kéde RP fúnra rẹ̀, kò wù mí níbí rárá: mapping agent (router tó ń pín ìkéde náà) tó bá wà lẹ́yìn spoke, àwọn spoke yòókù kò ní gbọ́ ọ. Ẹ fọwọ́ kọ RP.

Àṣẹ náà kò dín ẹrù hub kù tó bá jẹ́ pé gbogbo spoke ló ń wò. Fídíò megabit 4 fún spoke 40 jẹ́ megabit 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìtíì ka GRE àti IPsec (ìbòrí tí tunnel ń fi kún packet) mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀dà packet kan sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, débi tí queue kékeré fi ń ju àwọn tó gbẹ̀yìn nù. Ní ti ìwọ̀n packet, fídíò MPEG-TS sábà máa ń jẹ́ báìtì 1316. Tí a bá fi 28 ti UDP àti IP kún un, ó di 1344, èyí tó gba abẹ́ ip mtu 1400 (ìwọ̀n packet tó tóbi jù tí tunnel gbà) kọjá. Ẹ má retí ohunkóhun lọ́wọ́ ip tcp adjust-mss, TCP nìkan ló wà fún, UDP lèyí.

Tí gbogbo rẹ̀ bá péye tí nǹkan kan kò sì dé, ẹ wo TTL orísun (iye router tí packet lè kọjá). Ọ̀pọ̀ ètò ń fi 1 ránṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, router àkọ́kọ́ sì ni packet náà ń kú sí. Fún ìdánwò, ip igmp join-group lórí spoke ń jẹ́ kí ping sí ẹgbẹ́ náà rí èsì, àmọ́ CPU router ló ń gba packet wọ̀nyẹn, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò tí ẹ bá ti ṣe tán.