Yíya Ọjà Túnísíà: Ọ̀dà Olómi Tàbí Olóròóró?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1914, August Macke, ayàwòrán ará Jámánì, bá Paul Klee, ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀, lọ sí Túnísíà. Ọ̀dà olómi ló fi ya ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ́gbọ́n dání: èrò ọjà kì í dúró de ayàwòrán.

Bébà gíráàmù 300 (ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó rẹ̀) ni kí ẹ lò fún olómi. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ yóò ká kò. Ẹ má kun ibi tí oòrùn ti ń tàn sára ògiri, funfun bébà náà ti tó. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ kan gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn tì í: bí pupa bá ṣàn wọnú àwọ̀ ewé, ẹrẹ̀ ló máa dà. Àṣìṣe ibẹ̀ kì í sì í fẹ́ẹ́ parẹ́.

Olóròóró kì í tètè gbẹ, ilé ló dára fún jù. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọ̀bẹ ha àṣìṣe kúrò, kí ẹ sì kùn ún nípọn débi pé ojú búrọ́ọ̀ṣì yóò hàn. Ẹ fi tọpẹntáìnì, èròjà tó ń mú ọ̀dà olóròóró ṣàn, po ìpele àkọ́kọ́. Kí òróró ìpele òkè pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ojú àwòrán yóò là.