Pípààrọ̀ ẹ̀rọ CPAP n'Íbàdàn: AirSense 10 la ṣì fọwọ́ sí

Ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń dá lójú oorun, tí ẹ̀rọ CPAP rẹ̀, èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ sí i nímú láti inú máàsìkì, wá daṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì mọ́. Ó ti mọ máàsìkì tó bá ojú rẹ̀ mu, ó sì ti mọ iye afẹ́fẹ́ tí dókítà kọ fún un. Àpótí tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ náà ló kù tó ń wá. Nínú èyí tí àwọn tó ń ta ohun èlò ìṣègùn lágbègbè UCH àti Mókọ́lá lè bá èèyàn wá, àti èyí tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ResMed AirSense 10 AutoSet la fọwọ́ sí.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ tuntun. Ọdún 2014 ló jáde, AirSense 11 sì tẹ̀lé e ní 2021. Àmọ́ àǹfààní wà nínú pé ó ti pẹ́: asẹ́ rẹ̀ àti ike omi tó ń fi ọ̀rinrin sí afẹ́fẹ́ ti wà káàkiri, àti ojúlówó àti àfarawé. AirSense 11 dára, ojú rẹ̀ sì ṣe é fọwọ́ tẹ̀ bíi ti fóònù, ṣùgbọ́n asẹ́ rẹ̀, rọ́bà gbígbóná tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí máàsìkì àti àdápítà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ní ẹrù AirSense 10 nílé kò ní rí i lò lára 11, àfi máàsìkì àti rọ́bà lásán tí kò ní wáyà nínú. AirMini, ẹ̀rọ kékeré ti ResMed, ńkọ́? Ìrìn àjò ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní ike omi, rọ́bà tirẹ̀ nìkan ló sì ń gbà. Ẹ má fi ṣe ẹ̀rọ ojoojúmọ́. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ BMC láti Ṣáínà máa ń dínwó, ó sì ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń tà á bá ní asẹ́ àti ike omi rẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá ní, owó tí ẹ rò pé ẹ dín kù yóò padà jáde.

Orúkọ ni wọ́n fi ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Ó kéré tán, àpótí mẹ́ta tó jọra ló ń jẹ́ AirSense 10. Èyí tí wọ́n kọ CPAP sí lára ń ti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì kún. Elite náà kì í yí ìwọ̀n padà, ṣùgbọ́n ó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. AutoSet ló ń wo èémí, tó ń gbé afẹ́fẹ́ sókè sódò láàárín ìwọ̀n tí wọ́n bá fún un, ó sì ṣe é sọ di oníwọ̀n kan bí dókítà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òǹtajà yóò ní "ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Irọ́ ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ojú yín là sí jù lọ ni Philips tòkunbọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Philips pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ padà, DreamStation àkọ́kọ́ àti System One wà lára wọn. Fóòmù tí wọ́n fi pa ariwo inú wọn ló ń jẹrà, tó ń rún sínú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń fà, tó sì ń tú gáàsì jáde. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń yára bà á jẹ́, méjèèjì ò sì wọ́n n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gáàsì ozone fọ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún àwọn kan ṣe, wọ́n fi fóòmù mìíràn sí i, ṣùgbọ́n láìsí ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà gan-an, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Nínú ìsọ̀, ẹ má sanwó kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà. Ẹ yọ asẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé: eruku tó dì mọ́ ọn, ìgbẹ́ aáyán, tàbí òórùn sìgá túmọ̀ sí pé inú mọ́tò rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ń fẹ́, ariwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Tó bá ń sú fèé tàbí tó ń dún bí irin, bẹ́árìn mọ́tò ti ń lọ. Ẹ rọ omi sínú ike títí dé ìlà, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò nídìí. Ẹ gbé ọ̀rinrin sí 8 tó jẹ́ òpin rẹ̀, kí ẹ sì dúró títí irin abẹ́ ike yóò fi gbóná. Láti rí wákàtí tí mọ́tò ti ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì Home àti bọ́tìnnì yíyí papọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ètò tí dókítà ń lò yóò ṣí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa àkọsílẹ̀ ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ rẹ́. Bí móòdẹ́mù inú rẹ̀ kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí, kò dí mímí lọ́wọ́. Káàdì SD tó ń gba àkọsílẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ẹ rí i pé ihò rẹ̀ ń gbà á.

Kí ẹ tó gbé e wọ Máíkírà lọ sílé, ẹ da omi inú ike nù. Bí ẹ̀rọ bá fì pẹ̀lú omi nínú, inú mọ́tò ni omi ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń kú.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn. Àdápítà AirSense 10 ń gba fóólùtì 100 dé 240, nítorí náà èyí tó ti Amẹ́ríkà wá kò nílò tiransifọ́mà, orí wáyà nìkan lẹ máa pààrọ̀. Fóólùtì 24 ló ń fún ẹ̀rọ. Bí omi àti rọ́bà bá ń gbóná, ó máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 53, ó sì lè fò kọjá 100. Bí ẹ bá pa ìgbóná méjèèjì, kì í sábà ju wáàtì 15 lọ. Ẹ wá fi ṣírò: wákàtí 8 pẹ̀lú ìgbóná jẹ́ wáàtì-wákàtí 424, láìsí ìgbóná ó jẹ́ 120. Bátìrì olómi fóólùtì 12, 100Ah, ní 1,200 nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ fà kó má baà tètè kú. Òru kan péré nìyẹn bí ẹ bá tan ìgbóná, ìńfátà fúnra rẹ̀ á sì tún bù jẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá pa ìgbóná, òru mẹ́ta kò nira. Ìńfátà tí ìgbì iná rẹ̀ jọ ti NEPA, ìyẹn pure sine wave, ni kí ẹ lò. Wáyà ResMed tó ń gbé fóólùtì 12 lọ sí 24 tún dára jù, torí kò gba inú ìńfátà kọjá rárá. Ẹ má jẹ́ kí oníná kankan gé orí àdápítà fi so mọ́ bátìrì. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ sí ojú fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ wà níta rẹ̀: èéfín tí kò lóòórùn ni yóò máa tì sí yín nímú.

Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń dán èèyàn wò, torí ìgbà náà ni imú máa ń gbẹ tó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ọ̀rinrin kò ṣe é fi sílẹ̀. Bí bátìrì kò bá tó, ẹ pa rọ́bà gbígbóná, kí ẹ gbé ọ̀rinrin sí 2 tàbí 3. Distilled water ni kí ẹ rọ sí i, kì í ṣe omi bátìrì mọ́tò, torí ásíìdì wà nínú òmíràn. Píọ̀-wọ́tà kò ní pa yín, àmọ́ yóò fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí ike. Asẹ́ tí ilé iṣẹ́ ní kí ẹ pààrọ̀ lóṣù mẹ́fà, lásìkò ọyẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ti pọ́n, ẹ jù ú nù, kì í ṣe ohun fífọ̀.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ètò ẹ̀rọ àtijọ́, kí dókítà lè gbé e sórí tuntun. Bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ jáde, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 4 sí 20 ni AutoSet máa ń wà, 4 yìí sì máa ń jẹ́ kó dà bíi pé afẹ́fẹ́ kò tó àgbàlagbà. Ẹni tó ń ti Philips bọ̀ ní láti ṣọ́ EPR, ìyẹn ètò tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí èèyàn bá ń mí síta. Tí ẹ bá gbé e sí 3, ìwọ̀n 10 yóò wálẹ̀ sí 7 nígbà tí ẹ bá ń mí síta, ọ̀fun ẹlòmíràn sì lè padé níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo AHI, ìyẹn iye ìgbà tí èémí ń dá tàbí tó ń rẹlẹ̀ ní wákàtí kan. Kó wà lábẹ́ 5. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jò lára máàsìkì. Bó bá ju lítà 24 ní ìṣẹ́jú kan, máàsìkì ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n.

Bó bá jẹ́ pé "Motor life exceeded" tó ń jáde lójú ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan ló mú yín pààrọ̀ rẹ̀, kò tíì kú. Ẹ jẹ́ kí ike omi rẹ̀ gbẹ, ẹ fi asẹ́ tuntun sí i, kí ẹ dì í sínú àpò fún ọjọ́ tí tuntun bá wà lọ́wọ́ alátùn-únṣe.