Àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀kì KYB Excel-G lórí Camry Big Daddy: títún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe láìgbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ

Ohun tí mo rà ni ṣọ́ọ̀kì KYB Excel-G mẹ́rin, sípíríǹgì tuntun mẹ́rin àti máúntìn tuntun, ìyẹn rọ́bà tó ń jókòó lórí ṣọ́ọ̀kì níbi tó ti kan ara ọkọ̀. Toyota Camry ọdún 2004 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, ni mo rà wọ́n sí. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ọkọ̀ náà padà sí bí àwọn tó ṣe é ṣe gbé e kalẹ̀: kó má wálẹ̀, kó má sì ga jù. Kí ó má ga jù yẹn gan-an ló ṣòro láti rí gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbé ọkọ̀ lọ fún iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń bá gbé e sókè, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọ̀nà àtijọ́ tó lọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ti kún fún gálọ́ọ̀pù láti ọjọ́ pípẹ́, tírélà sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ẹni tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ha ilẹ̀ níbẹ̀ rí kò ní janpata nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé kí àwọn há rọ́bà sáàárín sípíríǹgì rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ tíì gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀ tó fi ní, “Ẹ jẹ́ n fi rọ́bà méjì méjì sí i fún yín, sà, ẹ ó gbádùn rẹ̀.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ọkọ̀ mi lọ síbòmíràn.

Rọ́bà kì í sọ sípíríǹgì tó ti rẹ̀ di tuntun. Àwọn òrùka sípíríǹgì tí rọ́bà bá há mọ́ kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo ẹrù yóò sì bọ́ sórí àwọn òrùka tó kù. Ibẹ̀ ni sípíríǹgì ti sábà máa ń ṣẹ́. Ọkọ̀ náà a ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n a le, ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú a tẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kó tẹ̀ lọ, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ìyẹn oríkèé irin tó wà lẹ́sẹ̀ táyà, náà a sì máa ṣiṣẹ́ ní ìdagun. Bó bá jẹ́ iwájú nìkan ni wọ́n gbé sókè, iná ọkọ̀ a máa ta sójú ẹni tó ń bọ̀ lóru. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò ni pé apá kan pàtàkì nínú iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí táyà lè sọ̀kalẹ̀ bọ́ sínú kòtò kí ara ọkọ̀ má sì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè ti ná púpọ̀ nínú àyè ìsọ̀kalẹ̀ yẹn kó tó dé ibi kòtò. Bí táyà bá ti bọ́ sínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì a fà dé òpin, a sì gbá gbàà. Nítorí náà, ọ̀nà búburú tí wọ́n torí ẹ̀ gbé ọkọ̀ sókè gan-an ni ìyà rẹ̀ ti máa ń hàn jù.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo fẹ́ mọ èwo ló bàjẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pa ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Sípíríǹgì ló ru ọkọ̀. Òun ló ń pinnu bí ọkọ̀ yóò ṣe ga tó. Ṣọ́ọ̀kì kò ru nǹkan kan tó ṣe é kà sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dá sípíríǹgì lẹ́kun kí ó má baà máa jó lẹ́yìn tí táyà bá ti gun nǹkan kọjá. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀, sípíríǹgì ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá ń jó, tí epo ń jò lára ṣọ́ọ̀kì, tí ojú táyà sì ń jẹ ní abala abala, ṣọ́ọ̀kì ló ti kú. Ọkọ̀ tèmi ní àrùn méjèèjì.

Bí a ṣe ń wọn gíga ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú táyà àti ìwọ̀n táyà fúnra rẹ̀ yóò tàn yín jẹ. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí kọnkéré tó tẹ́jú, kí ẹrù má sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì fa téèpù láti àárín gbùngbùn táyà lọ sókè sí etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀ gan-an. Ní ẹ̀yìn tèmi, apá òsì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì kéré sí apá ọ̀tún. Kí n lè mọ iye tó yẹ kó jẹ́, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí n wọn Camry tirẹ̀, irú kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Gíga tirẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ló gba àkókò mi jù lọ. Ọjà Àràrómì ní Gate, n'Ìbàdàn, ni mo lọ, nítorí ohun tí à ń rí rà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò pọ̀ tó láti fi ṣe àṣàyàn. Sípíríǹgì Big Daddy tòkunbọ̀ kún ibẹ̀, ó sì wọ́n díẹ̀ ju owó omi lọ ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín wọn. Ẹ́ńjìnnì V6, ìyẹn onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, wúwo ju ti onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin lọ, nítorí náà sípíríǹgì iwájú tí wọ́n ṣe fún un le jù. Bí ẹ bá fi í sábẹ́ ọkọ̀ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, imú ọkọ̀ yóò gbé sókè, yóò sì máa jà yín lọ́wọ́. Ọ̀dà tí wọ́n fi sàmì sára sípíríǹgì nílé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n lára tòkunbọ̀, ìpẹtà tàbí ọ̀dà dúdú tí olùtà fi kùn ún ti bo àmì náà. Ọ̀kan nínú àwọn olùtà gbé méjì fún mi pé bákan náà ni wọ́n; nígbà tí mo dá wọn dúró sórí tábìlì, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, wáyà rẹ̀ sì ki jù. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo fi tòkunbọ̀ sílẹ̀, mo sì ra tuntun tí wọ́n kọ irú ọkọ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì sára páálí rẹ̀. Méjì méjì ni mo rà wọ́n fún iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá pààrọ̀ apá kan ṣoṣo yóò máa wa ọkọ̀ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, Japan ni KYB ti wá. Shiro Kayaba ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1919, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì gé kúrú di KYB. Ilé iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì fún àwọn tó ń to ọkọ̀ tuntun. Excel-G jẹ́ ṣọ́ọ̀kì onígáàsì tó ní ọ̀pá méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Náítírójìn ni gáàsì inú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti má jẹ́ kí epo inú ṣọ́ọ̀kì máa hó bí ọṣẹ lórí ọ̀nà tó rí pálapàla. Àwọn olùtà kan máa ń sọ pé gáàsì yìí ni yóò gbé ọkọ̀ sókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi ọwọ́ lásán ti irin rẹ̀ wọlé, yóò sì rọra jáde padà fúnra rẹ̀. Agbára tí ọwọ́ ènìyàn lè borí kò lè gbé ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ tèmi: ó fi ọ̀rọ̀ gíga sílẹ̀ fún sípíríǹgì.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà lára páálí bá èyí tó wà lára ṣọ́ọ̀kì mu, kí ẹ sì ti irin rẹ̀ wọlé: èyí tó bá rọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀, tí kò sì padà jáde, ẹ dá a padà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, tí wọ́n bu epo sí i, tí wọ́n jó o pa, tí wọ́n sì fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Gáàsì kò sí nínú irú ìyẹn mọ́.

Òògùn iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Lára Camry yìí, inú sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà a ní láti fi irinṣẹ́ tó yẹ tẹ sípíríǹgì pọ̀ mọ́ra kí a tó tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀. Ẹni tó bá fi okùn tàbí wáyà dì í ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré. Mo dúró ti mẹkáníìkì tó ṣe tèmi, nítorí ohun kan wà tí mi ò fẹ́: kí wọ́n fi ẹ̀mú di irin ṣọ́ọ̀kì tó ń dán mú nígbà tí wọ́n bá ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ojú tí ẹ̀mú bá ti ha ni yóò gé rọ́bà tó di epo mọ́nú, ṣọ́ọ̀kì tuntun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láìpẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó lo kọ́kọ́rọ́ kékeré láti òkè. Ó rí i pé ìdí sípíríǹgì jókòó sínú àyè tí wọ́n gé fún un, ó sì fi rọ́bà ìdádúró àti ìbòrí eruku tuntun sí i. Àwọn bóòtù tó gba inú bọ́ṣì, ìyẹn rọ́bà ojú ìsopọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀, kọjá ni kò fún le títí táyà fi kan ilẹ̀, tí ọkọ̀ sì ru ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fún wọn le nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń fì lókè jáàkì, rọ́bà bọ́ṣì yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, kò sì ní í pẹ́ tó fi ya. Lẹ́yìn náà ni a lọ fún aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́, èyí tí kò ṣeé fò, nítorí bóòtù méjì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹsẹ̀ iwájú kì í padà sí ojú kan náà gẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo tún fa téèpù, ọkọ̀ náà fi díẹ̀ ga ju òṣùwọ̀n tí mo kọ sílẹ̀ lọ. Sípíríǹgì tuntun máa ń rọlẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti rìn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: gíga òsì àti ọ̀tún ti bára mu báyìí, wọ́n sì bá ti ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Táyà 205/65R15 tó bá a wá ni mo fi sílẹ̀ sí i. Àwọn tó ń fi táyà pẹlẹbẹ sábẹ́ Big Daddy, tí wọ́n tún wá ń ra rọ́bà láti fi gbé e sókè, ẹ̀yin ẹ gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Lórí ọ̀nà márosẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrìn, tó tẹ́jú, ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin lórí ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan, kò sì fì nígbà tí mo bá ya tírélà sílẹ̀. Ní iyára kékeré láàárín ìlú, ní àgbègbè Tákíè, ara mi gbọ́ ọ pé ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti kú ni mo ń fi wé e. Ọ̀nà àtijọ́ Ọ̀yọ́ ni mo fi dán an wò gan-an. Gálọ́ọ̀pù kò dínkù níbẹ̀, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò ha ilẹ̀ mọ́ ní àwọn ojú tó ti máa ń ha tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbé e ga. Jíjó tí ọkọ̀ ń jó lẹ́yìn kòtò àkọ́kọ́ ló ń mú kí ìdí rẹ̀ gbá ilẹ̀ ní kòtò kejì. Jíjó náà ti tán.

Owó tí mo ná ju ìlọ́po méjì ohun tí tòkunbọ̀ ìbá gbà lọ, n kò sì fi aláìmẹ́ǹtì kún un. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ènìyàn àti ẹrù níwọ̀nba, mo gbà á níyànjú láìṣiyèméjì. Fún ẹni tó ń fi Camry kó iṣu láti oko Ìlújú wá sí ọjà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, sípíríǹgì oníwọ̀n ilé iṣẹ́ kò ní tó o. Kí ó wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹrù wúwo, méjì fún ẹ̀yìn, kí ó sì fi rọ́bà sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà á.