Anthropology n'Ìbàdàn àbí n'Ífẹ̀: èwo ni ká rán ọmọ Òṣogbo lọ kọ́?

Ọmọ Òṣogbo tó bá fẹ́ kọ́ anthropology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìṣe àti àṣà ẹ̀dá, ní ọ̀nà méjì nítòsí. Yunifásítì Ìbàdàn so ó pọ̀ mọ́ archaeology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ tí a ń wú jáde nínú ilẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ so ó mọ́ sociology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwùjọ ṣe ń gbé pọ̀.

Ti Ìbàdàn fa ọwọ́ mọ́ erùpẹ̀: wíwa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fífọ àpáàdì, kíkọ nọ́ńbà sí i lára, ṣíṣàkọsílẹ̀ bó ṣe jìn tó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí mùsíọ́mù, ibẹ̀ ni kó gbà. Igbó Ọ̀ṣun tiwa wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 2005, àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa mọ síbẹ̀ sì ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ó wù mí gan-an kí ọmọ ìlú pọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ ọwọ́ ìjọba ni púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, àyè rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ti Ifẹ̀ gbòòrò jù ú lọ. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń jókòó ti ìyá aláró kan, tí ń wò ó, tí ń bi í léèrè láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò wúlò fún àjọ ìlera tó fẹ́ mọ ìdí táwọn ìyá kan fi ń sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti fún ilé iṣẹ́ tó ń wádìí ọjà.

Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ńkọ́? Ìwé ṣì kù láti kà, ibi yòówù kéèyàn gbà.

Bí owó bá gbọ́dọ̀ tètè wọlé lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, Ifẹ̀ ni mo fara mọ́.